Ilé Méjì, Owó Méjì: Ọ̀rọ̀ Afọfèrèsé Kan ní Párákìn

Ilé méjì ni, wọ́n dojú kọ ara wọn ní Párákìn, nílùú Ilé-Ifẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan náà ló kọ́ wọn láti inú pílánù kan ṣoṣo: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé sláídìn 16 nísàlẹ̀, 8 lókè, irin adènà olè ní gbogbo rẹ̀. Olùkọ́ yunifásítì kan ló ń gbé inú ọ̀kan. Àlàájà kan tó ń ta léèsì àti àǹkárá ló ni èkejì. Nígbà tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fọ fèrèsé jẹun ṣiṣẹ́ nílé méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó gba ₦18,000 lọ́wọ́ olùkọ́, ó gba ₦35,000 lọ́wọ́ Àlàájà.

Ìpàdé àwọn onílé ni ọ̀rọ̀ ti tú síta. Ọ̀rọ̀ géètì àti owó ọdẹ ni wọ́n bá lọ síbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń túká, olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọmọ náà: ó mọṣẹ́, ó ní sùúrù, kì í sì í fi owó pa èèyàn. Àlàájà bi í pé èló ló san. Ó sọ ọ́. Wọ́n ní Àlàájà kò dá a lóhùn, ó kàn mú báàgì rẹ̀, ó bọ́ síta. Kó tó dé ẹnu géètì rẹ̀, ó ti pe ọmọ náà lórí fóònù.

"Ìwọ ọmọ yìí, fèrèsé lo wá fọ̀ nílé mi ni, àbí jíìpù mi lo wá wò?"

Ó ní kó dá ₦17,000 padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á sọ fún gbogbo onílé àdúgbò pé ojú èèyàn ló ń wò kó tó pe owó. Ìhàlẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, kò sí pátákó, kò sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹnu oníbàárà kan ló ń gbé e dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Ẹnu tó gbé e wọ Párákìn lè tì í jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo máa ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi mélòó kan ní Lágere àti Mayfair, nínú Ifẹ̀ kan náà, to ìwé owó wọn: télọ̀, wẹ́dà, ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe. Ọmọ yìí wà lára wọn. Ó gbé ìwé rẹ̀ tọ̀ mí wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá òun rẹ́ obìnrin náà jẹ. Òun ló fún mi láṣẹ láti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Mo bi í báwo ló ṣe mọ iye tó pè.

"Ẹ̀gbọ́n, mo wo ilé, mo tún wo ẹni tó pè mí."

Kò purọ́, ìdáhùn yẹn náà ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ máa fún èèyàn tí wọn bá fẹ́ sòótọ́. Ó rí Corolla àtijọ́ nínú ọgbà olùkọ́, ó rántí gbogbo ìyanṣẹ́lódì tó ti gbọ́ nípa àwọn olùkọ́ yunifásítì, àánú ṣe é. Lọ́dọ̀ Àlàájà, ó rí jíìpù, ó rí ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ ńlá, ó rí ilẹ̀kùn tó ń dán. Ó pe ₦40,000, Àlàájà ná an dé ₦35,000, wọ́n gbà.

Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ibi tí mo bá a dé yìí á ní Àlàájà ni wọ́n rẹ́ jẹ. Ìwé rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ₦18,000 ti wá ni mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀. Iye tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ n'Íbàdàn ń gbà fún irú ilé bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀; ó kàn fi díẹ̀ lé e. Ọ̀gá yẹn ń gba owó náà nígbà tí lítà epo kan kò tíì tó ₦200. Ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Kí oṣù Keje tó parí, lítà kan ti lé ní ₦600, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti ń lọ sí ₦1,000. Àwọn awakọ̀ ti yí owó wọn padà lọ́jọ́ kejì ìkéde. Aláṣọ yí tirẹ̀. Ọmọ wa ṣì ń fi owó ayé epo pọ́ọ́kú ṣiṣẹ́, ó wá ń ṣe kàyééfì pé òun ń ṣiṣẹ́ tó gidi síbẹ̀ gbèsè òun kò tán.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Mo ní kó gbàgbé ojú ẹnikẹ́ni, kó sọ fún mi bí iṣẹ́ náà ṣe pẹ́ tó. Kò mọ̀. Ó ní "ọjọ́ kan" ni. Mo ní kó lo aago fóònù rẹ̀ níbi iṣẹ́ tó kàn, ilé tó fara jọ èyí ní Mayfair. Àbọ̀ tó mú wá ni pé fèrèsé ìsàlẹ̀ kan ń gbà á ní ìṣẹ́jú 12 tí òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ bá jọ ṣe é: kí wọ́n yọ nẹ́ẹ̀tì fọ̀, kí wọ́n gbá erùpẹ̀ inú ojú irin tí gíláàsì ń gbà kọjá, kí wọ́n fi ọṣẹ pa gíláàsì nínú àti lóde, kí wọ́n fi wáípà fa omi rẹ̀ kúrò, kí wọ́n nu etí rẹ̀ gbẹ. Fèrèsé òkè kan ń gba ìṣẹ́jú 21. Àkàbà ló fà á. Bí ibi tí orí àkàbà fẹ̀yìn tì bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 16, ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún un síwájú ni wọ́n máa tún un gbé kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á sì dì í mú. Ẹni tó bá di àkàbà mú kò lè máa nu gíláàsì.

Ìṣẹ́jú 12 lọ́nà 16 jẹ́ 192. Ìṣẹ́jú 21 lọ́nà 8 jẹ́ 168. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 360, ìyẹn wákàtí 6 gbáko. Wákàtí kan fún títo irinṣẹ́, pípọn omi àti jíjẹun, wákàtí kan fún lílọ àti bíbọ̀. Ilé kan, ọjọ́ kan. Ohun tó sọ náà kò jìnnà, àmọ́ ó ti wá mọ ohun tó wà nínú ọjọ́ yẹn báyìí.

Owó wá ńkọ́? Ó ń san ₦5,000 fún ọmọṣẹ́ rẹ̀ lójúmọ́. Àkàbà yẹn kò lè gun ọ̀kadà, nítorí náà kòrópe ló máa ń háyà, ₦5,000 àlọ àtàbọ̀. Ọṣẹ, tawẹ́lì àti rọ́bà wáípà tó ń jẹ mọ́lẹ̀ kó ₦1,500. Owó ìpè ₦500. Ó ti kọ́kọ́ gun ọ̀kadà lọ wo iṣẹ́ náà kó tó pe owó, ₦1,000 lọ síbẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ ńlá, àkàbà, ọ̀pá gígùn, garawa àti ìyókù, tí òun rà ní ₦216,000, ó ní tí òun bá tọ́jú wọn wọ́n á lo ọdún mẹ́ta.

Ibi yìí ni ìwé rẹ̀ ti là mí lóye. Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ló ń ríṣẹ́ lóṣù. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń jáde. Òótọ́ ni, ó ń jáde. Àmọ́ nígbà tí a ṣí ìwé náà, tí a ka ọjọ́ tí owó wọlé, nǹkan bíi 12 ló ń jẹ́ lóṣù kan. Ọjọ́ òjò wà níbẹ̀, Sọ́ńdè wà níbẹ̀, ọjọ́ tí oníbàárà ní "ẹ padà wá lọ́la" wà níbẹ̀, ọjọ́ tó fi wo iṣẹ́ tí kò já sí nǹkan kan pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ 12 yẹn ló ń bọ́ ọjọ́ 30. Irinṣẹ́ ₦216,000 tí a bá pín in sí ọjọ́ 12 lóṣù fún ọdún mẹ́ta, ₦500 ló jẹ́ lójúmọ́ iṣẹ́ kan.

Ká ro gbogbo ìnáwó pọ̀, ó jẹ́ ₦13,500. Nínú ₦18,000 olùkọ́, ₦4,500 ló kù fún ẹni tó gun àkàbà. Ó dà bí owó, torí pé ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lóṣù Keje ọdún 2024, ₦70,000, ń gba bíi ₦3,200 lójúmọ́ tí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22. Ọmọ wa rò ó bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Mo ní kó fi ₦4,500 yẹn lọ́nà 12. Ó jẹ́ ₦54,000. Kò dé ti ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba, ìyẹn kì í sì í gun àkàbà.

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ilé, oúnjẹ, owó ilé-ìwé ọmọ kan àti gbèsè tó ń san díẹ̀díẹ̀, ó ní òun kò lè gbé e pẹ̀lú ohun tó dín ní ₦120,000 lóṣù. Èyí jẹ́ ₦10,000 fún ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fi í lé ₦13,500, ó di ₦23,500. Lẹ́yìn náà, a fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e nítorí ewu àti nítorí ọ̀la, ₦2,350. Ó já sí ₦25,850. A sọ ọ́ di ₦26,000 kí ẹnu lè pè é.

Nítorí náà, olùkọ́ rí ẹ̀bùn ₦8,000 gbà, kò sì mọ̀ pé ẹnì kan fún òun ní nǹkan. Ẹni tó fún un náà kò mọ̀. Èmi kò rí ohun tó burú nínú kí oníṣẹ́ ṣàánú ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a. Yorùbá ti ń ṣe é kí á tó bí wa. Ṣùgbọ́n sàráà ni, ẹni tó bá ń ṣe sàráà yẹ kó mọ iye tó yọ lápò ara rẹ̀, kó sì wò ó bóyá ẹni tó yẹ ló ń fún. Olùkọ́ yẹn, pẹ̀lú Corolla rẹ̀ àti gbogbo ìyanṣẹ́lódì, kò tòṣì tó ẹni tó wá fọ fèrèsé rẹ̀.

Ó wá ku ilé Àlàájà. Pílánù kan náà, bẹ́ẹ̀ ni. Gíláàsì wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹni tó bá ti wọ ọgbà yunifásítì ní Ifẹ̀ á mọ àwọn ilé ẹ̀ka Humanities tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì, yàwòrán wọn ní àwọn ọdún 1960: àjà òkè yọ síta bo ti ìsàlẹ̀, kí oòrùn àti òjò má bàa na ojú fèrèsé tààrà. Àwọn ilé tí à ń kọ́ báyìí kò ní irú ìbòjì bẹ́ẹ̀. Gíláàsì sláídìn wà lójú ògiri gbagada, títì ibẹ̀ kò ní ọ̀dà, erùpẹ̀ pupa ń gbọ̀n sí i látàárọ̀. Ọyẹ́ á tún gbé eruku funfun láti aṣálẹ̀ Sàhárà wá sórí rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ oṣù Kẹta ló máa wá po méjèèjì di ẹrẹ̀. Bí ilé méjèèjì ṣe rí nìyẹn, ọṣẹ àti omi sì tó fún ẹrẹ̀.

Ti Àlàájà lé ní ẹrẹ̀. Táǹkì omi rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé máa ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, omi bóhòlù sì ti ń ṣàn lójú fèrèsé mẹ́fà fún ọjọ́ pípẹ́. Omi inú ilẹ̀ máa ń gbé èròjà òkúta dání. Tí oòrùn bá gbẹ omi, èròjà yẹn á dúró sára gíláàsì, á di àbàwọ́n funfun bí ẹ̀fun. Ọṣẹ kò lè mú un kúrò, bó ti wù kéèyàn fi agbára nù ún tó. Ohun kíkan ló ń jẹ ẹ́. Fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń fi rẹ aṣọ, wọ́n á fi aṣọ náà lẹ̀ mọ́ gíláàsì, wọ́n á jẹ́ kó dúró, wọ́n á fi kàn-ìn-kàn-ìn rírọ̀ yí i, wọ́n á fi omi ṣan án, tí kò bá tíì lọ, wọ́n á tún un ṣe. Kò gbọ́dọ̀ pẹ́ lórí férémù àlùmíníọ̀mù, kò sì gbọ́dọ̀ kán sórí mábù tó wà lójú fèrèsé, nítorí ohun tó jẹ àbàwọ́n yẹn á jẹ mábù náà. Ogún ìṣẹ́jú ló ń jẹ lórí fèrèsé kan, yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú 12 àkọ́kọ́. Mẹ́fà jẹ́ wákàtí 2.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé ni. Àwọn pẹ́ńtà kò bo gíláàsì. Ọ̀dà ta sí fèrèsé mẹ́sàn-án. Bíléèdì ni wọ́n fi ń hó irú rẹ̀, bíléèdì tuntun, lórí gíláàsì tó tutù dáadáa, ní dídà dẹ̀gbẹ́ àti sí apá kan ṣoṣo. Tí gíláàsì bá gbẹ, tàbí tí bíléèdì bá ti kán lẹ́nu, á ya á. Gíláàsì tí wọ́n lẹ rọ́bà aláwọ̀ mọ́ lára kò fẹ́ bíléèdì rárá. Orí-ire ni pé ti Àlàájà kò ní. Síbẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń jẹ. Mẹ́sàn-án jẹ́ wákàtí kan àtààbọ̀.

Wákàtí 3 àtààbọ̀ ti gun orí ọjọ́ kan nìyẹn. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n gbé àkàbà sílẹ̀ nínú ọgbà Àlàájà, wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. A ṣírò èyí náà: owó rẹ̀ àti ti ọmọṣẹ́, tó jẹ́ ₦15,000 fún ọjọ́ oníwákàtí 8, jẹ́ ₦6,562 fún wákàtí 3 àtààbọ̀, ọ̀kadà àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kejì ₦2,000, fínígà àti bíléèdì ₦1,000. Fi ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ lé e, kó o ro ó pọ̀ mọ́ ₦25,850. Ó jẹ́ ₦36,368.

₦35,000 tí Àlàájà san dín ní ₦1,368.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo jàre!" Mo ní kó rọra. Kò jàre ohunkóhun. Nǹkan tó wò kó tó pe owó ni jíìpù. Ká ní obìnrin mìíràn tó ní jíìpù, tí kò ní àbàwọ́n kankan lára fèrèsé, ló pè é, iye yẹn náà ló máa gbà, á sì jẹ́ ìrẹ́jẹ. Bí owó rẹ̀ ṣe bọ́ sí iye tó tọ́, orí ló kó o yọ. Àlàájà kò mọ̀ pé táǹkì òun àti àwọn pẹ́ńtà òun wà nínú owó náà, nítorí pé ẹni tó pe owó kò sọ ọ́, kò sì lè sọ ọ́.

Mo ní kó da gbogbo rẹ̀ kọ sí ojú ìwé kan, kó gbé e lọ bá Àlàájà fúnra rẹ̀. Ó ní kí n bá òun lọ. A jọ lọ.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ má bínú sí mi." Àlàájà ní kó dìde, kó jókòó, kí ló kọ sínú ìwé. Ó gba ìwé, ó wọ awò, ó ń ka á láìsọ̀rọ̀. Mo ti rò pé ó máa pariwo. Mo gbàgbé pé oníṣòwò ni. Ẹni tó ń kó ọjà láti Èkó mọ ohun tí à ń pè ní owó mọ́tò, owó ẹrù àti owó ọmọṣẹ́ ju èmi tí mò ń kọ ọ́ sínú ìwé lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"₦5,000 kòrópe yìí, ṣé ìwọ nìkan lo háyà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Àkàbà ló gba gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀."

"Kí ni ìdá mẹ́wàá yìí?"

"Tí gíláàsì bá fọ́ mà, tàbí tí àkàbà bá bàjẹ́."

"Ṣé gíláàsì kankan fọ́ nílé mi?"

"Rárá mà."

"Ó dáa. Dá tèmi padà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi ṣeré. Ó ń dúró de èsì. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní: "Mà, ká ní ó fọ́ ni, ṣé owó ìdá mẹ́wàá yìí nìkan lẹ máa ní kí n fi rà á?" Àlàájà wò ó, ó bọ́ awò. Kò tún bèèrè nǹkan kan nípa ìdá mẹ́wàá.

Ó mú wa lọ sẹ́yìnkùlé, ó fi ojú ara rẹ̀ wo táǹkì. Omi ṣì ń kán. Ó pe ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ páìpù níbẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yíjú padà, ohun tó sọ fún ọmọ náà ni pé: "Kí ló dé tó ò sọ gbogbo èyí fún mi kó o tó gbowó lọ́wọ́ mi?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo ẹjọ́ náà, lójú tèmi. Kì í ṣe ₦35,000 ló dùn ún. Ohun tó dùn ún ni pé wọ́n pe iye kan fún un tí kò ní ìdí kankan tó hàn, ó sì wá gbọ́ iye mìíràn lẹ́nu aládùúgbò rẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá fún ní ìdí á wá ìdí fúnra rẹ̀, jíìpù ló sì sún mọ́ ọn jù.

Kò béèrè ₦17,000 mọ́. Ó rán ọmọ kan lọ pe olùkọ́ láti ìdojúkọ.

Olùkọ́ dé, ó ka ìwé náà, ojú sì tì í. Ó fẹ́ mú ₦8,000 jáde. Mo ti sọ fún ọmọ wa tẹ́lẹ̀ pé kó má gbà á: iye tí ìwọ fúnra rẹ pè, tí oníbàárà san láìjanpata, ti parí. Tó o bá padà lọ béèrè àfikún lórí iṣẹ́ tó ti tán, kò ní sẹ́ni tó máa gba iye tó o bá pè gbọ́ mọ́. Ó dúpẹ́, ó kọ̀ ọ́. Ọwọ́ olùkọ́ padà sápò kíákíá, mi ò lè purọ́.

Olùkọ́ ló wá béèrè ohun tó wúlò jù lálẹ́ ọjọ́ náà: èló ni ìgbà tó ń bọ̀? Ní báyìí tí fèrèsé ti mọ́, tí wọn kò sì jẹ́ kí ìdọ̀tí di ọdún lórí rẹ̀, kò sí ẹrẹ̀ lílẹ̀, kò sí ọ̀dà, táǹkì á ti dákẹ́. Ìṣẹ́jú 8 ni ọmọ náà dá lé fèrèsé kọ̀ọ̀kan, òkè àti ìsàlẹ̀ pa pọ̀. Ilé kan á gba wákàtí 3 ó lé ìṣẹ́jú 12. Tó bá ṣe ilé méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kòrópe kan ṣoṣo ló máa háyà, àkàbà kò sì ní ṣe ju kó sọdá títì lọ. Kò tún ní nílò láti wá wo iṣẹ́. Ìnáwó ọjọ́ náà, owó tirẹ̀ pẹ̀lú, á jẹ́ ₦22,500. Pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́wàá, ₦24,750. Tí wọ́n bá pín in sí méjì, ó jẹ́ ₦12,375; a sọ ọ́ di ₦12,500 fún ilé kọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn dín sí ohun tí olùkọ́ san tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àánú, ọmọ wa sì máa mú ₦10,000 rẹ̀ lọ sílé pé pérépéré. Wọ́n fi í sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ọ̀kan bọ́ sí lẹ́yìn ọyẹ́, kí òmíràn bọ́ sí ìparí ọdún. Àlàájà ní kí wọ́n máa ṣe tòun kí wọ́n tó ṣe ti ìdojúkọ. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Ó tún ná an, dájúdájú. Ó ní kó jẹ́ ₦10,000. A ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń bu owó lé iye wọn nítorí ìnájà, kí wọ́n lè yọ ọ́ padà. Èmi kò fẹ́ràn rẹ̀, torí pé ẹni tí kò mọ ọjà ná ló máa ń san án, ẹni yẹn ló sì máa ń jẹ́ aláìní. Ohun tí mo ní kó máa ṣe ni pé bí owó bá máa wálẹ̀, kí iṣẹ́ náà wálẹ̀. Ó sọ fún Àlàájà pé tí kò bá ní fọ nẹ́ẹ̀tì, á lè gba ₦10,500. Àlàájà ní nẹ́ẹ̀tì òun gbọ́dọ̀ mọ́. "Ó di ₦12,500 nìyẹn mà, ṣùgbọ́n màá fi dígí párálọ̀ yín ṣe èènì." Àlàájà gba èènì. Dígí yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì. Mo ti rí i pé oníbàárà Yorùbá á dárí ẹ̀dínwó tí kò rí gbà jì ọ́ tó o bá ṣe èènì tó ní láárí fún un.

Láti ìgbà náà ló ti ń kọ ìwé kó tó fọwọ́ kan omi: iye fèrèsé tó wà nísàlẹ̀ àti lókè, èyí tó ní àbàwọ́n, èyí tí gíláàsì rẹ̀ ti ya tẹ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa kà á sí i lọ́rùn, ohun tí kò sí nínú owó. Ó ń ya fọ́tò wọn náà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù Lágere kò nílò gbogbo èyí. Ilẹ̀kùn gíláàsì kan, ojú ṣọ́ọ̀bù kan, kò sí àkàbà, mẹ́fà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, owó tó dọ́gba ni wọ́n ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, gbogbo wọn sì mọ ohun tí ẹnìkejì ń san.

Ibi tí ètò tuntun náà ti kọ́kọ́ kojú ìṣòro ni ilé kan ní Mọ́òrè, ilé àtijọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀, fèrèsé lúfà ni gbogbo rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà tó ni ín ti gbọ́ nípa ₦26,000, ó ní nígbà tí tòun kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó yẹ kó dín. Fèrèsé lúfà kan níbẹ̀ ní ìlà mẹ́ta, ìlà kọ̀ọ̀kan ní gíláàsì mẹ́jọ. Gíláàsì 24 nìyẹn, ojú méjì méjì, ojú 48 nínú fèrèsé kan ṣoṣo, kò sì sí wáípà tó ń wọ ibẹ̀; aṣọ àti ọwọ́ ni. Ìṣẹ́jú 16 ló ń jẹ. Ó jókòó ti ìyá náà, ó kà á fún un sókè, gíláàsì kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìyá ní òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n owó náà kò sí. Wọ́n jọ wo ilé náà yí ká, wọ́n fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀, wọ́n mú fèrèsé mẹ́fà tó wà níwájú. Ìdajì ọjọ́, kò sí kòrópe. ₦11,000 ló gbà, ìyá sì fi ẹ̀wà àti dòdò lé e fún òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀.